Wíwá Òdòdó Ọ́kíìdì Nínú Igbó Kent Ní Ìgbà Ìrúwé

(Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa, ẹ̀ka ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bá wa sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìpàdé oṣù kẹrin. Àwọn tí kò lè wá ní kí á bá àwọn tẹ̀ ẹ́ jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa.)

  

Nígbà tí akọ̀wé pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìrìn-àjò tí a fẹ́ rìn ní oṣù karùn-ún, mo ní, ta ni yóò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ òdòdó níbi ìpàdé tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ owó gbọ̀ngàn ìlú mọ́ ara wa lọ́wọ́? Ó ní kí n ṣáà máa bọ̀. Mo ti wá nìyẹn. Ohun kan sì wà tí mo ní láti sọ fún yín kí n tó kó ọmọ ẹnikẹ́ni wọ igbó, torí náà, ẹ fún mi ní sùúrù.

Ọ́kíìdì tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń tà nínú ìkòkò ní Tesco, tí a ń gbé lọ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé. Kì í ṣe ìyẹn ni mò ń sọ. Àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, tí wọ́n ń hù fúnra wọn nínú igbó àti lórí pápá ní ilẹ̀ tí a wà yìí. Oríṣi wọn tó wà ní Britain lé ní àádọ́ta. Kent, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, tí àwọn yòókù sì ń gbà kọjá bí wọ́n bá ń lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Dover, wà lára ibi tí wọ́n pọ̀ sí. Ẹfun ló wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, irú ṣọ́ọ̀kì tí tíṣà fi ń kọ̀wé sí pátákó nígbà tiwa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ràn ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tí kò lọ́ràá, tí àgbẹ̀ kò da ajílẹ̀ sí.

Ìyá òyìnbó kan ló kọ́ mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílé ni mò ń ṣe nígbà yẹn. Màmá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orúnkún ò gbé e mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, mo ń bá a wọ ìbọ̀sẹ̀, ló bá bi mí pé ṣé mo lè gba ọ̀nà inú igbó kan bí mo bá ń lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ó ní bí mo bá dé ìdí igi ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì onígi, kí n wo ilẹ̀, kí n wá ewé tó ń dán, tó ní àmì dúdú-dúdú bí ìgbà tí ènìyàn ta yíǹkì sí i lára. Bí mo bá rí i, kí n wò ó bóyá ó ti yọ òdòdó, kí n wá sọ fún òun lọ́la.

Èmi rò pé arúgbó ló ń dà á láàmú. Mo ṣáà lọ. N kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún un pé kò sí níbẹ̀. Ó wò mí, ó ní: “O sáré ni.”

Òótọ́ ni, mo sáré. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí mọ̀ pé ilé arúgbó mìíràn ń dúró dè yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé tí n kò ní iṣẹ́, mo padà lọ. Mo jókòó lórí igi kan tó wó lulẹ̀. Òdòdó búlúù tí wọ́n ń pè ní bluebell ti tẹ́ igbó náà lọ bẹẹrẹ bí ẹní. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo ti ń wo ilẹ̀ láìrí ohunkóhun, kí ojú mi tó là. Àṣé ó wà níwájú mi látàárọ̀! Ewé tó ní àmì, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, òdòdó sì gùn ún lórí bí ọ̀pá kékeré, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ju ti bluebell lọ, ó dà bí àwọ̀ èlùbọ́ láàárín kí a tó rò ó tán. Bí mo ṣe rí ọ̀kan, mo rí ìkejì, mo rí ìkẹta. Early purple orchid ni òyìnbó ń pè é, àwọn onímọ̀ ní Orchis mascula. Òun ló máa ń kọ́kọ́ jáde nínú àwọn tí a ó bá pàdé, láti oṣù kẹrin. Ẹ má wulẹ̀ gbé imú sún mọ́ ọn jù bó bá ti ń gbó o. Òórùn ìtọ̀ ológbò ni.

Nígbà tí mo ròyìn fún màmá, ó ní iye orí òdòdó wo ló wà lórí èyí tó sún mọ́ géètì jù? N kò kà á. Ó ní kí n padà lọ kà á. Báyìí ni a ṣe ń bá a lọ fún ọdún méjì. Èmi ni ẹsẹ̀ rẹ̀, òun ni ojú mi. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọjọ́ tí òdòdó yẹn bá yọ sí, ó ti ń kọ ọ́ kí wọ́n tó bí mi.

Ohun tí mo ní mo fẹ́ sọ nìyí. Ní ọdún kẹta, àìsàn gbé màmá dè sórí ibùsùn. Ó ń bi mí léraléra pé ṣé ó ti jáde. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo mú ṣíbí ńlá àti ìkòkò òdòdó kan, mo lọ sínú igbó, mo hú èyí tó wà nítòsí géètì tòun ti erùpẹ̀ rẹ̀, mo gbé e wá bá a lórí ibùsùn. Mo rò pé yóò yọ̀, kódà mo ti ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà.

Kò yọ̀. Ó wo ìkòkò yẹn pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: “Mo ní kí o lọ wò ó ni. N kò ní kí o mú un wá.” Kò bá mi jà, kò pe ilé iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n kò bi mí léèrè nípa igbó mọ́. Òdòdó náà rọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo dá a padà sí ìdí igi, mo bomi rin ín. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, kò sí ewé, kò sí òdòdó. Màmá fúnra rẹ̀ ti kú nínú òtútù ọdún náà.

N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yìí rí. Mo ń sọ ọ́ lónìí torí pé ẹ ní kí n ṣáájú àwọn ọmọ lọ, ọmọ yóò sì fẹ́ fà á tu. Ọmọ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbà náà ṣe é.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo wá lọ ka ìwé, kí n lè mọ ohun tí mo pa àti bí mo ṣe pa á. Lábẹ́ ilẹ̀, òdòdó yìí ní iṣu kéékèèké méjì. Ọ̀kan ni ó ń jẹ lọ́dún yìí, tó ń súnkì lọ. Èkejì ni ó ń tọ́jú pa mọ́ de ọdún tó ń bọ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an, ẹ̀yin bàbá ẹ má bínú, láti inú èdè Gíríìkì ló ti wá, ẹpọ̀n ọkùnrin sì ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí bí iṣu méjèèjì ṣe rí. (Mo rí i pé àwọn kan ti jí lójú oorun báyìí.) Ní ayé àtijọ́, wọ́n máa ń lọ irú iṣu yìí ní ìyẹ̀fun, wọ́n á fi ro ohun mímu gbígbóná bí ògì tí wọ́n ń pè ní saloop, wọ́n ń tà á fún àwọn òṣìṣẹ́ ní òpópónà London kí kọfí tó wọ́pọ̀. Ní ilẹ̀ Tọ́kì, wọ́n ṣì ń mu ún títí di òní, wọ́n sì ń fi ṣe áísìkiriìmù tó ń fà bí ọbẹ̀ ewédú.

Ṣùgbọ́n iṣu nìkan kọ́. Èso ọ́kíìdì kéré bí eruku. Darwin, ẹni tó kọ odindi ìwé lórí ọ́kíìdì ní ọdún 1862, tó sì ń gbé ní Downe ní Kent níbẹ̀, jókòó, ó ṣírò èso tó wà lórí igi oríṣi kan ṣoṣo: 186,300. Àgbàdo àti ẹ̀wà ní oúnjẹ nínú, òun ni ọ̀jẹ̀lẹ̀ wọn ń jẹ kí ó tó yọ ewé. Èso ọ́kíìdì kò ní nǹkan kan. Ó ní láti bọ́ sórí ilẹ̀ tí irú ìbátan olú kan wà, tí okùn rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn ń ta kiri nínú erùpẹ̀. Okùn yìí ló ń fún un ní oúnjẹ. Ó lè wà lábẹ́ ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí ewé rẹ̀. Nígbà tí mo fi ṣíbí gé e yíká, mo gé gbogbo okùn yẹn. Èmi ń wo òdòdó, n kò mọ̀ pé ilé rẹ̀ ni mo ń wó.

Òfin náà wà nílẹ̀. Láti ọdún 1981 ni òfin ilẹ̀ yìí ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú irúgbìn inú igbó tegbòtegbò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Àwọn mìíràn tó ṣọ̀wọ́n jù, kódà kí o já òdòdó wọn lásán, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nítorí náà fóònù la ó fi mú un, kì í ṣe ọwọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ó rí. Ọ̀dọ̀ lady orchid ni mo fẹ́ mú yín lọ, ẹni tí mo máa ń pè ní Ìyá Onígèlè nínú ọkàn mi. Kent nìkan ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ti lè rí i ní gbogbo Britain. Ó lè ga tó mítà kan bí ilẹ̀ bá bá a lára mu. Bí ẹ bá wo òdòdó kọ̀ọ̀kan dáadáa, gèlè pupa tó ṣú wà lórí rẹ̀, ó tẹ́ apá sọ́tùn-ún sósì, ó wá wọ gáùn funfun fẹ̀ǹgẹ̀ tí wọ́n wọ́n àmì pupa sí lára. Àfi bíi pé ó ń lọ sóde ìgbéyàwó. Igi kan lè gbé òdòdó bí àádọ́ta, gbogbo wọn wọ aṣọ ẹbí! Oṣù karùn-ún ni àsìkò wọn. Ibi tó lókìkí jù ni Bonsai Bank nínú Denge Wood, kò jìnnà sí Canterbury, ṣùgbọ́n Ranscombe lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cuxton la ó lọ, torí pé ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí á háyà bọ́ọ̀sì. Akápò, ẹ gbọ́ o.

Bí ẹnikẹ́ni bá wà ní Dover kí ìparí oṣù yìí tó kọjá, kí ó yà sí Samphire Hoe. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ihò tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà lábẹ́ òkun lọ sí ilẹ̀ Faransé, erùpẹ̀ ẹfun tí wọ́n kó jáde ní ìhà ibí yìí, mílíọ̀nù mítà kúbíìkì 4.9, ẹsẹ̀ òkè létí òkun ni wọ́n dà á sí, ó di ilẹ̀ tuntun. Ẹ wá wo nǹkan: early spider orchid, tó ṣọ̀wọ́n gidi ní ilẹ̀ yìí, bá atẹ́gùn wá, ó sọ ibẹ̀ di ilé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, ẹnikẹ́ni ò gbìn wọ́n. Òdòdó yìí kéré, ó dúdú rúsúrúsú bí ikùn aláǹtakùn. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ di etí. Ó ń rùn bí abo oyin kan. Akọ oyin á fò wá, á gùn ún, á máa ṣe bí ọkọ ìyàwó, á ṣe é tì. Ibi tó ti ń jà ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó á ti lẹ̀ mọ́ ọn lórí, á gbé e lọ fún òdòdó mìíràn tó tún tàn án jẹ. Àwọn onímọ̀ yẹ àwọn ọ́kíìdì gbígbẹ tí wọ́n ti tọ́jú sínú ìwé láti ọdún 1848 wò, wọ́n rí i pé bí ìgbà ìrúwé bá fi dígírì kan gbóná sí i, òdòdó yìí ń fi bí ọjọ́ mẹ́fà yá sí i. Oyin náà ń yá sí i, ó tilẹ̀ ń yá ju òdòdó lọ, abo oyin sì ti ń jáde kí òdòdó tó ráyè tan akọ jẹ. Ta ni yóò wá wo ayédèrú nígbà tí ojúlówó ti dé? Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè búra lórí ọjọ́ tí mo mú. Bí oṣù yìí bá gbóná jù, mo lè fi ọ̀sẹ̀ kan fà á síwájú. Ẹ máa wo WhatsApp.

Àwọn yòókù, bí ọ́kíìdì oníwo-oyin ti oṣù kẹfà, ọjọ́ mìíràn ni tiwọn. Ṣùgbọ́n ti monkey orchid yẹ ní gbígbọ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní àwọn ọdún 1950, Hector Wilks kó èso rẹ̀ láti ibi kan tí ó ṣẹ́kù sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Faversham, ó lọ fọ́n ọn sí Park Gate Down. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí èyí àkọ́kọ́ tó yọ òdòdó. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ dòní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ilẹ̀ náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ibi tí ẹ bá ti rí òdòdó tó ṣọ̀wọ́n han gbogbo ayé lórí Facebook. Àwọn ibi tí mo dárúkọ lókè yìí kò sí àṣírí níbẹ̀, wọ́n ní àwọn tó ń tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọ̀kan létí ọ̀nà lẹ́yìn ilé yín, ẹ dákẹ́ sí i. Lady's slipper, tó dà bí bàtà aláwọ̀ ìyeyè, àwọn tó ń hú u tà fún ọgbà àwọn olówó ló pa á run. Ní ọdún 1917 wọ́n ní ó ti tán pátápátá ní ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1930 ni wọ́n rí ẹyọ kan ṣoṣo ní Yorkshire. Àwọn tó mọ ibẹ̀ pa ẹnu mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń fi ènìyàn ṣọ́ ọ nígbà tó bá yọ òdòdó. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti mú èso tí àwọn ará Kew fi tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà. Mo lọ wo àwọn tí wọ́n gbìn sí Gait Barrows ní Lancashire. Ìrìn yẹn jìn, ẹsẹ̀ mi wú.

Ẹ̀yin ará ilé náà ní tiyín. Bàbá mi ní oko obì. Gbogbo ohun tó bá hù sórí igi mìíràn, àfòmọ́ la máa ń pè é, àdá ló sì ń bá a. Bàbá ò jẹ̀bi, àfòmọ́ gidi ń fa oje igi, ó ń pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, mo gbójú sókè nínú oko yẹn, mo rí oríṣi méjì lórí igi kan náà. Ọ̀kan ti wọ inú ẹ̀ka, ẹ̀ka sì ti gbó. Èkejì kàn fi gbòǹgbò funfun di èèpo igi mú ni, kò wọ ibì kankan, ọ́kíìdì ni. Ó jókòó ni, kò jẹun onílé. Láti kékeré la ti ń gé méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún oko ṣe, kí ó kọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀ dáadáa. Ẹ bá mi ya fọ́tò èyí tó bá ti yọ òdòdó, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí olóòtú.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìrìn wa. Àwọn kan bi mí ní kọ̀rọ̀ pé ṣé wọn ò ní máa wò wá ní ìgbèríko òyìnbó. Wọ́n á wò wá. Wọ́n ti bi èmi náà rí pé ṣé mo sọnù ni. Mo ní rárá o, òdòdó ni mò ń wá, ló bá fi èyí tí n kò rí hàn mí. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lórí máàpù, ti gbogbo ènìyàn ni, ẹ kí àwọn tí ẹ bá pàdé, ẹ máa lọ. Kí ẹ tó kúnlẹ̀ ya fọ́tò, ẹ wo ibi tí orúnkún yín ń lọ, torí ọmọ rẹ̀ tí kò tíì yọ òdòdó lè wà lábẹ́ yín.

Sátidé kẹta oṣù karùn-ún ni, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní ibùdókọ̀ Cuxton. Strood lẹ ó ti pààrọ̀ ọkọ̀. Ṣòkòtò gígùn ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, nítorí eégbọn, bàtà tó bo ẹsẹ̀ sì ni. Ẹni tó bá wọ bàtà gogoro wá, ní ibùdókọ̀ ni yóò ti máa ṣọ́ kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù. A kò ní yára. Bí a bá dé inú igbó, a ó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé òun ò rí nǹkan kan. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù dání. Màmá náà fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi, èmi yóò mú un wá kí ẹ wò ó. Ojú ewé tó kẹ́yìn, ìkọ̀wé èmi ni.